Ẹni Tó Ń Gbé Ìlọ́po Sùn

Nígbà tí fèrè ìrọ̀lẹ́ dún, Bàbá Oyèékànmí kò tà.

Gbogbo ilé yòókù lórí òkè Ìgbẹ́tì ló ń tà lásìkò náà. Ó ń gbọ́ wọn láti inú àpáta tí wọ́n gbẹ́ yàrá wọn sí: ìka àwọn tó wà ní àjà òkè ń lu pátákó wọn láìdábọ̀, ẹnì kan ń bú ara rẹ̀, ẹnì kan ń dá rẹ́rìn-ín. Láti agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí fèrè àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ olúkúlùkù nítorí oòrùn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ra Ìlọ́po Mẹ́ta láàárọ̀, òtútù tí èrè àti àdánù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọjà, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná, wọ́n á sì tà á kí fèrè agogo mẹ́rin tó dákẹ́. Òtútù ni wọ́n ń tà, òtútù ni wọ́n ń rà. Wákàtí òtútù ni wọ́n fi ń san owó ilé, òun ni wọ́n fi ń ra iṣu, òun náà ni wọ́n sì fi ń ta tẹ́tẹ́ tí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè ní tẹ́tẹ́.

Pátákó tó wà lára ògiri Bàbá Oyèékànmí pọ́n. Ó bi í ní ìbéèrè tó ti ń bi í lójoojúmọ́ láti oṣù mẹ́rin: TÀ, TÀBÍ GBÉ SÙN? Bàbá na ìka, ó tẹ GBÉ SÙN, ó sì padà jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù àdánù ń bà á. Ẹlẹ́rìí ló ń retí.

Òfin kò gbà kí èèyàn dá gbé Ìlọ́po Mẹ́ta sùn. Ohun ọjọ́ kan ni. Bíi gbẹ̀gìrì ló rí, bí ó bá mọ́jú, ó ti kan. Ẹni tó bá ní òun ó gbé e sùn, dandan ni kí ẹlẹ́rìí láti Ilé Òtútù, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọjà náà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé onítọ̀hún kí agogo mẹ́fà tó lù, kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ìbúra lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì tẹ òǹtẹ̀ sí àtàǹpàkò rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ kò bá tíì kàn án, onítọ̀hún ṣì lè yí i padà, kí ó tẹ TÀ. Wọn kò fi ẹ̀rọ ṣe é. Èèyàn tó ń mí ni wọ́n ní kó jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ti búra fún ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wọn láìní òtútù tó lè gbé wọn dé ọ̀sán.

Bàbá wo tábìlì rẹ̀. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn tó ti wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, kò nù ún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama á bú sẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí tábìlì náà, torí ọkùnrin tó ń na ọmọ nítorí ìwé dídọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n orí eruku yẹn ni ẹlẹ́rìí máa ń kọ ìṣirò sí. Bí ó bá nù ún, ibo ni yóò kọ ọ́ sí?

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Tètè wọlé, òtútù ń jáde."

Ìbíwùmí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn kíákíá bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí òkè. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ó wọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú tí Ilé Òtútù ń fún àwọn ẹlẹ́rìí, omi inú ẹ̀wù náà ń ró bí ó ṣe ń rìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó ṣí ìbòrí rẹ̀. Mítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ̀ pé ooru ara ẹlòmíì ti wọlé, ó tàn pupa. Ìbíwùmí na káàdì rẹ̀ sí i kí ó má bàa kọ ọ́ sí Bàbá lọ́rùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ilé Òtútù ń san fún ẹlẹ́rìí nínú yàrá oníyàrá.

Mítà yìí ló ba ayé wọn jẹ́. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Lórí òkè yìí, èèyàn ti di iná. Àlejò tó bá jókòó fún wákàtí kan ti jẹ wákàtí òtútù kan gbáko. Mítà kò sọ pé onílé ni kó san án o. Àlejò lè fi káàdì tirẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Yorùbá tó máa gba owó ìjókòó lọ́wọ́ àlejò? Ìtìjú yẹn pọ̀ lójú wọn débi pé wọ́n yàn láti má gba àlejò mọ́ rárá ju kí wọ́n jẹ́ kí àlejò sanwó lọ. Nígbà tí Àjíkẹ́ ìyàwó Bàbá kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ará ilé wá kí i lẹ́nu ọ̀nà ní méjì-méjì, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ó gbọ́ ohùn gbogbo wọn. Kò rí ojú ẹnì kan.

Ìbíwùmí jókòó sórí àga tó dojú kọ ọ́, ó wo pátákó.

"Òjìlénígba ó lé méjì," ni ó wí. "Ẹgbẹ̀ta wákàtí lẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà, Bàbá."

"Ẹgbẹ̀ta ni."

"Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, iye tí wọ́n ń ta òtútù jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mélòó ni lónìí?"

Bàbá yíjú sí pátákó bí ẹni tí kò wò ó láti àárọ̀. "Ọgọ́rùn-ún náà ni."

"Ó ti padà síbi tó wà. Tiyín ńkọ́, kí ló dé tí kò bá a padà?"

"Ohun tí kò yé mi gan-an nìyẹn," ni Bàbá wí.

Irọ́ ni. Ó yé e ju bó ṣe yé Ìbíwùmí lọ. Ó ti fi bíro ṣe ìṣirò náà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ṣe é títí dé òpin oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ó sì rí i kedere bí nǹkan náà yóò ṣe máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, bí ọjà bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ láìlọ síbì kankan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òun náà fẹ́ tà á kí ilẹ̀ tó ṣú bíi gbogbo ayé. Oorun ló gbé e lọ, fèrè dún kọjá rẹ̀. Nígbà tó jí, obìnrin kan, Ìbíwùmí yìí gan-an, wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Obìnrin náà wọlé, ó jókòó, ó nu ojú, ó gbọ́ ìbúra, ó sì bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Àjíkẹ́. Lọ́jọ́ kejì, oorun kò gbé e lọ. Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ GBÉ SÙN.

Ó dá wà, ó dá wà gan-an. Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi dùn ún gbọ́.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni Ìbíwùmí wí. Ó fi ìka kọ ọ̀ọ́dúnrún sórí eruku, ó rí i pé òun ti ṣì í, ó nù ún, ó kọ ọgọ́rùn-ún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà. "Ẹ ní ọgọ́rùn-ún wákàtí. Lónìí, ọjà já ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di àádọ́rùn-ún. Ìlọ́po Mẹ́ta kì í já lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń já. Mélòó ló bọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Ọgbọ̀n."

"Ó ku mélòó?"

Bàbá ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ kà á. "Àádọ́rin."

"Ẹ ṣeun. Lọ́la, ọjà gòkè, ó kúrò ní àádọ́rùn-ún, ó padà di ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ra òtútù lásán, tí kò fi ìlọ́po kún un, kò jèrè, kò sì pàdánù. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà á padà sí ọgọ́rùn-ún," ni Bàbá wí, bó ṣe ń wí láti oṣù mẹ́rin.

Bó ṣe ń wí i, ojú rẹ̀ wà lára pátákó, lára òjìlénígba ó lé méjì yẹn. Òtútù ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò dáwọ́ dúró ní òpin oṣù Èrèlé, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù. Láti ìgbà náà títí òjò á fi rọ̀, ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ni, wákàtí márùn-ún lójúmọ́, bí ó bá ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí òkúta. Igba wákàtí ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn. Ohun tó bá dín sí i, ẹ̀rọ òtútù rẹ̀ yóò kú kí òjò tó dé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kò sì lè rí ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru Ẹ̀rẹ̀nà kí ó wà láàyè. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ló kù láàárín òun àti ààlà náà. Bí ọjà bá já ní mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́la, ó ti kọjá rẹ̀. Ó mọ èyí náà.

"Rárá, Bàbá," ni Ìbíwùmí wí. "Ohun tó kúrò ní àádọ́rùn-ún tó di ọgọ́rùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ló fi gòkè. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta ọgọ́rùn-ún o. Ti ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín ni, ti àádọ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́ta àádọ́rin..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀..."

"Mẹ́tàlélógún ó lé díẹ̀," ni Bàbá wí. "Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ó lé díẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ló sáré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe kí ọmọ tó gbé ẹfun kúrò lára pátákó. Ẹnu náà kò mọ̀ pé olówó òun ń díbọ́n.

Ìbíwùmí gbé ìka kúrò nínú eruku. Ó wo Bàbá.

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Bàbá gbé ojú sórí eruku.

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn, ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ."

"Ẹni tó sùn là ń jí," ni Ìbíwùmí wí jẹ́jẹ́, "a kì í jí apirọrọ. Oṣù mẹ́rin, Bàbá. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yín bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo máa ń rò pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé. Mo ra ẹ̀pà wá fún yín lọ́jọ́ kan, mo ka ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lórí tábìlì yìí."

"Mo rántí. A jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀rín, Bàbá." Inú ń bí i, ó sì ń dùn ún. "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti ronú ọ̀pọ̀ ìgbà nípa ohun tí yóò sọ bí ọjọ́ yìí bá dé. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa, pẹ̀lú ìdí kìíní àti ìdí kejì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ sọ nù.

"Bí mo bá tà á," ni ó wí, "ta ni yóò kan ilẹ̀kùn mi?"

Ẹ̀rọ òtútù ń kùn lójú ògiri. Ìbíwùmí ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì, ní àárín ìṣirò tó ṣì.

"Bí ẹlẹ́rìí bá mọ̀ pé torí òun ni ẹnì kan ṣe ń gbé ìlọ́po sùn, òfin ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ti pátákó onítọ̀hún pa, wọ́n á sì gba ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, Bàbá. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

"Ṣé wàá kọ ọ́?"

"Bí mo bá kọ ọ́, ìdajì tó kù kò ní gbé yín dé òjò. Bí mi ò bá kọ ọ́, tí mo sì ń tẹ òǹtẹ̀ lọ, ikú yín ni mò ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Ẹ bá mi tà á. Ẹ tẹ TÀ fúnra yín nísinsìnyí, mi ò ní kọ nǹkan kan."

"Bí mo bá tà á, ṣé wàá wá lọ́la?"

Ó rọrùn kí èèyàn parọ́ fún arúgbó. Ìbíwùmí ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pa irọ́ náà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Rárá," ni ó wí. "Ilé Òtútù ló ni ẹ̀wù yìí, iye ìgbà tí mo bá tẹ òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wò lára rẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́ wá kí èèyàn lásán, wọ́n á gbà á. Bí mi ò bá sì wọ̀ ọ́, mi ò lè gun òkè yìí lásìkò yìí kí n má ṣubú. Ọmọ mẹ́ta ló ń retí mi nísàlẹ̀, Bàbá."

"Ó yé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó yé yín. Ẹ ti ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìbíwùmí ń wo òǹtẹ̀ náà. "Ẹ̀yin nìkan kọ́," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ilé mọ́kànlá ni mò ń lọ lórí òkè yìí, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń gbé ìlọ́po sùn lójoojúmọ́. Mo rò pé ojúkòkòrò ni. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wá àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni pé ó sọ nù. Ọ̀kan máa ń ní òun kò gbọ́, kí n tún ìbúra kà, kí n tún un kà. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi ni mo gọ̀, tí mi ò rí i."

"Àwọn wo ni?"

"Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Mítà dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú méjì ló kù nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bàbá dìde, ó lọ dúró níwájú pátákó. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn: ọjọ́ kan péré sí i. Kí Ìbíwùmí tẹ òǹtẹ̀ tòní, kí wọ́n fi ọ̀la parí rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fìjàbí ní àjà òkè sọ ọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹlẹ́rìí wọn kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tó wá gbé òkú rẹ̀ ní ògiri yàrá rẹ̀ gbóná débi pé wọn kò lè fọwọ́ kàn án. Bàbá gbé ìka sókè. Ó wò ó pé bí ìka náà bá kan pátákó, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la yóò dà bí ọ̀sán, láìsí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn, ọ̀túnla yóò dà bí ọ̀la, títí òjò á fi dé, lẹ́yìn òjò pẹ̀lú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó tẹ TÀ.

Pátákó náà funfun. Òjìlénígba ó lé méjì bọ́ sínú káàdì rẹ̀, ó dákẹ́, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ìbíwùmí kó òǹtẹ̀ rẹ̀ sápò. Ó kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí eékún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹun kí ẹ tó sùn."

"Màá jẹun."

Ó jáde kíákíá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kò ra nǹkan kan. Ó nu tábìlì. Ó ka ìwé ìròyìn kan tó ti kà. Nígbà tí fèrè ìrọ̀lẹ́ dún, ara rẹ̀ fò bí ó ṣe máa ń fò, ó sì rántí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe dákẹ́. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó gbọ́ omi ẹ̀wù tó ń ró bọ̀. Ẹsẹ̀ náà rọra nígbà tó dé iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dúró. Ẹsẹ̀ náà kọjá lọ.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá kejìlélógójì, tó kángun sí tirẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni òun àti obìnrin tó wà nínú yàrá yẹn ti jọ ń gbé, ògiri kan ló sì là wọ́n láàárín. Ó ti rí i nígbà mẹ́ta péré: arúgbó obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi gèlè bo ojú nítorí oòrùn. Ojoojúmọ́ ni Ìbíwùmí ń kan ilẹ̀kùn yẹn bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n Bàbá kò kà á sí rí, torí inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà náà, inú dídùn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ràn. Lónìí, ó gbé etí lé òkúta. Ó gbọ́ Ìbíwùmí tó ń ka ìbúra.

"Ẹ wí tẹ̀lé mi, Màmá. Mo mọ̀ pé ti ọjọ́ kan ni. Mo mọ̀ pé bí ó bá sùn, ó lè má jí."

Ohùn kan dáhùn, kò yé Bàbá. Ìbíwùmí sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà tún dáhùn, Ìbíwùmí sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀.

Bàbá gbé etí kúrò. Lọ́dún tó kọjá, àwo kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó fọ́. Ohùn obìnrin kan gba inú òkúta wá, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ẹni tó gbọ́ àwo tó fọ́ nínú ilé onílé kì í ṣe adití.

Kò sùn dáadáa. Ó ń ṣe ìṣirò. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ló fi borí ohun tó nílò láti dé òjò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìjókòó lójúmọ́, fún ọjọ́ márùndínláàádọ́ta, kò tó wákàtí méjìlá. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Ohun tó fi òkè yìí jẹ́ òkè, tí wọ́n kì í fi gba owó lọ́wọ́ àlejò, ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé wọ́n lè bú òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun sì ti dákẹ́ fún ọdún méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, kí fèrè agogo mẹ́rin tó dákẹ́ tán, Bàbá Oyèékànmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ agbádá funfun tí kò wọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ooru ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọlù ú lójú, ó fọwọ́ ra ògiri, ó yọwọ́, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kejìlélógójì.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Àtàǹpàkò kan ló kọ́kọ́ yọ jáde, ó na gbọọrọ, ó ti nù ún mọ́ fún òǹtẹ̀. Ojú obìnrin náà tẹ̀lé e.

"Ẹ tètè dé lónìí," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó rí agbádá. "Ṣé ẹlẹ́rìí tuntun ni yín? Ìbíwùmí ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́rìí, Màmá. Èmi ni mo wà ní yàrá kẹtàlélógójì."

"Ẹni tó fọ́ àwo."

"Èmi ni."

Obìnrin náà ò tíì fa àtàǹpàkò rẹ̀ wọlé. Òtútù ń gba àárín ilẹ̀kùn jáde, Bàbá ń mọ̀ ọ́n lára orúnkún.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá kí yín ni."

Ó wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un nígbà kan rí ní ìlú mìíràn, tó sì ń gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n ń fi dá a lóhùn. Bàbá rò pé yóò ti ilẹ̀kùn. Ó na káàdì rẹ̀ síwájú, sí ibi tí mítà wà, kí ó lè rí i pé òun kò wá jẹ òtútù ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo mítà náà.

"Ẹ mú káàdì yín kúrò níbẹ̀," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó ń sanwó ìjókòó nílé mi."

"Yóò jẹ tiyín, Màmá."

"Kí ó jẹ ẹ́. Ẹ wọlé."

Bàbá wọlé. Yàrá náà kéré bíi tirẹ̀, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà fi í fún un, ó sì jókòó sórí ibùsùn. Ó bu omi sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Lókè orí wọn, pátákó rẹ̀ pọ́n, ó sì ti tẹ GBÉ SÙN sí i. Iye tó wà lára rẹ̀ kò tó àádọ́jọ. Bàbá rí i, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ kí ó má bàa dójú tì í.

Bàbá bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹ ẹ̀kọ. Ó bi Bàbá bóyá àwo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. Bàbá ní mẹ́ta. Mítà tàn pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń kà, kò sì sẹ́ni tó wò ó nínú àwọn méjèèjì.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, omi ẹ̀wù kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ró bọ̀.

Obìnrin náà gbọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ síwájú pátákó, ó dúró, ó sì yí ẹ̀yìn sí àlejò rẹ̀.

"Ṣé ẹ ó wá lọ́la?" ni ó bèèrè.

"Màá wá."

Ó tẹ TÀ.